Ìròyìn pé a ti rí oògùn jẹjẹrẹ: ṣé kí á dúró dè é, àbí kí á máa bá ìtọ́jú lọ?

Ọmọ Ìyàrà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹbí wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí kí ìpàdé ẹbí tó wáyé lópin ọ̀sẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé àbúrò ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọyàn. Dọ́kítà ní kí iṣẹ́ abẹ má pẹ́ rárá, àti pé oògùn yóò tẹ̀ lé e. A ti ń kó owó jọ, apá kan láti inú kajú tí a tà, apá kan láti ọwọ́ àwọn ọmọ. Ibi tí a bá a dé nìyí tí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Àbújá fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń wo jẹjẹrẹ sàn ní ìdá 100 nínú 100, àti pé ọ̀fẹ́ ni wọn yóò máa fún àwọn ènìyàn. Wọ́n ní kí a má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ìyá náà, kí a fi owó náà pamọ́ títí abẹ́rẹ́ yẹn yóò fi dé Nàìjíríà.

Ìyá náà fúnra wọn ti ń fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀rù abẹ ń bà wọ́n. N kò fẹ́ gba ìrètí lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí àkókò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni ìròyìn náà? Báwo sì ni ẹni tí kì í ṣe dọ́kítà ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò nínú irú ìròyìn báyìí, nígbà tí òmíràn ń wọlé lójoojúmọ́?

Nọ́ọ̀sì Kàbà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ìyàrà. Ẹ má ṣe dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù, ohun tí ó sì máa ń dùn mí jù ni obìnrin tí kókó ọyàn rẹ̀ kéré nígbà tí ó kọ́kọ́ wá, tí ó lọ tí kò padà, tí ó wá tún yọjú nígbà tí kókó náà ti di egbò, tí ó sì ti ràn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, àwọn kan ń mu àgbo, àwọn kan ń lọ láti orí òkè àdúrà kan sí òmíràn, àwọn mìíràn sì ń retí oògùn tí wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn. Ní tèmi, gbogbo ìròyìn oògùn tuntun tó bá ti orí fóònù wọlé, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì gbé ìyá yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Bàbá Olóko Ìsánlú
Ọmọ mi, èmi náà sọ pé kí ẹ má ṣe dúró de Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ rédíò ni wọ́n ti ń sọ pé oògùn jẹjẹrẹ ti dé tán, n kò sì tíì rí i. Ìgbàgbọ́ mi ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ti rí i, wọ́n fi í pamọ́ nítorí pé ara àìsàn ni wọ́n ti ń jẹun. Ewé ṣáwásọ́ọ̀pù wà lẹ́yìnkùlé wa, ìwádìí sì ti fi hàn pé agbára rẹ̀ fi ìlọ́po 10,000 ju ti kímò, oògùn líle tí ilé ìwòsàn fi ń pa jẹjẹrẹ, lọ. Ẹ máa se é fún ìyá náà mu láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ lókè òkun
Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ ta ko ohun tí ẹ sọ, nítorí inú yàrá ìwádìí jẹjẹrẹ gan-an ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà 10,000 yẹn wá láti inú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nínú àwo yàrá ìwádìí ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n yọ èròjà kan ṣoṣo jáde láti inú igi náà, wọ́n dà á sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun, wọ́n sì fi í wé oògùn kan. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ sí eku. Ohun tó lè pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo pọ̀ jaburata, iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni kí ó pa jẹjẹrẹ láìpa ẹni tó ń gbé e. Ní erékùṣù Guadeloupe, àwọn dọ́kítà ròyìn ní ọdún 1999 pé àwọn kan tó máa ń jẹ èso irú igi yìí tí wọ́n sì ń mu omi ewé rẹ̀ ní àìsàn ìgbọ̀nrìri tó jọ Parkinson. Nítorí náà, kì í ṣe pé omi ewé yẹn kò lè wò ó sàn nìkan, ó ṣeé ṣe kí ó pa ni lára.

Ní ti pé wọ́n fi oògùn pamọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kò fi pamọ́. Ní àwọn ọdún 1960, nínú àwọn ọmọdé tó bá ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn, kò tó ọmọ kan nínú mẹ́wàá tó ń yè é. Lónìí, ní àwọn ìlú tó ti lówó ìtọ́jú, nǹkan bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè é. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi ṣe é, vincristine, ara òdòdó kan tó ti Madagascar wá ni wọ́n ti yọ ọ́. Ewé kì í ṣe ọ̀tá wa, Bàbá. Wọ́n yọ èròjà rẹ̀, wọ́n mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn pẹ̀lú sùúrù. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn kan, ó ju 100 oríṣi lọ, ìdí sì nìyẹn tí oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀ kò fi lè jáde lọ́jọ́ kan.

Ó wá ku ti Rọ́ṣíà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ọ̀gá kan níbẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé abẹ́rẹ́ náà ti wà, pé ọ̀fẹ́ ni yóò jẹ́ fún àwọn ará ìlú wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọ̀gá mìíràn sọ níbi àpérò kan ní Vladivostok pé ó ti ṣetán, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìdánwò tó máa ń ṣáájú ti ènìyàn ni ó tọ́ka sí. Ìdá 100 tí ẹ̀gbọ́n yín kà kì í ṣe iye àwọn aláìsàn tí wọ́n tọ́jú tí ara wọn yá. Nínú oògùn jẹjẹrẹ 20 tó bá ti kọjá eku tó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára ènìyàn, nǹkan bí ẹyọ kan ló máa ń gba àṣẹ nígbẹ̀yìn.

Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá o. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn Moderna àti Merck dán tiwọn wò lára ènìyàn 157 tó ní jẹjẹrẹ awọ ara tó ń jẹ́ melanoma. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú oògùn kejì ní ewu tó fi ìdá 44 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó gba oògùn kejì nìkan, ìyẹn ewu pé kí àrùn padà tàbí kí ó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí fún ìpàdé ẹbí yín: gbogbo àwọn 157 yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi abẹ yọ jẹjẹrẹ wọn kúrò. Ara jẹjẹrẹ tí wọ́n bá yọ ni wọ́n ti ń ka ohun tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ fún ẹni náà. Abẹ́rẹ́ yìí kò gba ipò abẹ.

Ó bà mí nínú jẹ́ pé àwọn akọ̀ròyìn ló ń sọ eku di ènìyàn nínú àkọlé wọn.

Ọmọ Bùnú
Mo kí nọ́ọ̀sì wa fún iṣẹ́ rere tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí á pa gbogbo ìròyìn rẹ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni èmi ní, irú èyí tó máa ń rọra pọ̀ sí i. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn imatinib fún un, ìwé ìròyìn Time sì gbé e sí iwájú ìwé wọn lóṣù náà gan-an. Gbogbo ariwo tí wọ́n pa lé oògùn yẹn lórí, ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé kúrómósóómù 9 àti 22, ìyẹn àwọn okùn àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń pààrọ̀ ègé ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tí ìyẹn sì ń dá èròjà kan sílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà sinmi. Èròjà yẹn gan-an ni oògùn náà ń dí lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn láti gbogbo Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìròyìn tí ìbátan mi kan kà ló jẹ́ kí á mọ̀ pé Ifẹ̀ ló yẹ kí á kọrí sí. Oògùn oníhóró ni mo ń lò títí di òní, mo sì ń ṣiṣẹ́ mi.

Bí a bá ní kí àwọn ènìyàn kọ etí dídi sí gbogbo rẹ̀, ẹni tí oògùn tirẹ̀ ti dé yóò kú sílé láìmọ̀.

Nọ́ọ̀sì Kàbà
Ọmọ Bùnú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí yín. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Nígbà tí ìròyìn tiyín jáde, wọ́n ti dán oògùn náà wò lára ènìyàn, ìjọba ti fọwọ́ sí i, ibi tí a ti ń gbà á sì wà lórí ilẹ̀ yìí. Ìròyìn ti Rọ́ṣíà kò ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìyá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀ pé ẹni tó bá ní àrùn lára kò yẹ kí ó fi ìròyìn ṣe ìdí láti sún ọjọ́ abẹ síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìròyìn, ẹ gbé e lọ fún dọ́kítà tó ń tọ́jú yín, kí ẹ sì bi í bóyá ó yí ohun tí ó fẹ́ ṣe padà.

Olùkọ́ Àgbà Mọ̀pà
Mo fi sáyẹ́ǹsì kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó kan jẹjẹrẹ ọyàn gan-an.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ìwé ìròyìn New York Times gbé iṣẹ́ Judah Folkman sí ojú ewé àkọ́kọ́. Dọ́kítà yìí ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bí a bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí jẹjẹrẹ ń hù fún ara rẹ̀, ebi yóò pa á. Oògùn méjì tí wọ́n dán wò lára eku ti mú kí jẹjẹrẹ pòórá. Ìwé ìròyìn náà kọ ọ́ pé James Watson, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí bí DNA, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ṣe rí, sọ pé Folkman yóò wo jẹjẹrẹ sàn láàárín ọdún méjì. Watson jiyàn lẹ́yìn náà pé òun kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iye owó ìpín ìdókòwò kan nínú ilé-iṣẹ́ tó ní oògùn náà fò láti bíi dọ́là 12 kọjá dọ́là 80 nígbà tí ọjà ṣí lọ́jọ́ Ajé, àwọn aláìsàn sì ń pe dọ́kítà wọn káàkiri. Ọdún méjì kọjá. Oògùn méjèèjì kò ṣe lára ènìyàn ohun tí wọ́n ṣe lára eku.

Àmọ́ èrò Folkman kò kú. Ní ọdún 2004, oògùn bevacizumab, tí a ń pè ní Avastin, gba àṣẹ fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ọ̀nà dídí iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ló gbà. Ó fi oṣù díẹ̀ kún ẹ̀mí àwọn aláìsàn. Ìlọsíwájú gidi ni, bí kò tilẹ̀ jọ ohun tí àkọlé ọdún 1998 ṣèlérí. Ní ọdún 2008, wọ́n fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọyàn tó ti ràn, nítorí ìdánwò kan fi hàn pé ó ń dá àrùn náà dúró lójú kan fún bí oṣù márùn-ún sí i. Àwọn ìdánwò tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn obìnrin tó lò ó kò pẹ́ láyé ju àwọn tí kò lò ó lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀jẹ̀ dídà sì ń bá wọn jà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà gba àṣẹ yẹn padà fún jẹjẹrẹ ọyàn.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé kì í ṣe ti eku àti ènìyàn nìkan ló ń tan ni jẹ. Oògùn lè dé ara ènìyàn, kí ó mú kí kókó súnkì nínú àwòrán, síbẹ̀ kí ẹ̀mí aláìsàn má gùn sí i. Nígbà tí ẹ bá kà pé oògùn kan ṣiṣẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n wọ̀n: ṣé ẹ̀mí ni, àbí ìwọ̀n kókó?

Ẹ sì rántí ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì kan tó sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2019 pé láàárín ọdún kan àwọn yóò ní ohun tí yóò wo gbogbo jẹjẹrẹ sàn pátápátá. Ara eku ni wọ́n ti dán an wò. Ẹni tó bá fi owó ìtọ́jú pamọ́ nígbà náà, kí ló rí gbà?

Akọ̀ròyìn Lọ́kọ́ja
Mo fẹ́ fèsì sí ohun tí Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ sọ nípa àwa akọ̀ròyìn. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, pàápàá jù lọ níbi àkọlé, nítorí ẹni tó kọ ìròyìn kọ́ ló sábà máa ń kọ àkọlé rẹ̀. Àmọ́ ibi tí omi náà ti dàrú ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cardiff gbé ìwádìí jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dọ́kítà, lórí ìwé ìkéde 462 tí àwọn yunifásítì 20 ní Bìrìtìkó fi ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀ròyìn. Nínú àwọn tó dá lórí ẹranko, ìdá 36 nínú 100 ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ènìyàn ju bí ìwádìí fúnra rẹ̀ ṣe sọ lọ. Níbi tí ìwé ìkéde bá ti ṣe àsọdùn yìí, ìdá 86 nínú 100 àwọn ìròyìn náà ló ṣe é. Níbi tí ìwé ìkéde kò bá ti ṣe é, ìdá 10 péré. Ìyẹn ni pé láti inú yunifásítì gan-an, níbi tí owó ìwádìí àti orúkọ rere ti ń pè, ni àsọdùn náà ti ń jáde wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá ìwádìí ní láti ka ìwé ìkéde yín kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí wa.

Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé orí tábìlì mi, mo máa ń wá iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ní, àti ohun tí wọ́n fi oògùn náà wé. Bí n kò bá rí iye ènìyàn, n kì í kọ ọ́. Ìdá ọgọ́rùn-ún tí kò sọ iye ènìyàn tí ó jẹ́, ẹ má gbà á.

Ọmọ Ìyàrà
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ọ̀rọ̀ abẹ tó ṣáájú abẹ́rẹ́ fún ìyá náà, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀gbọ́n wọn kò tíì gbà. Wọ́n tún fi ìròyìn mìíràn ránṣẹ́, láti Amẹ́ríkà lọ́tẹ̀ yìí, pé oògùn kan tó ń jẹ́ dostarlimab wo gbogbo àwọn tó lò ó sàn láìlo abẹ. Ìròyìn náà sọ iye ènìyàn, ó ní wọ́n jẹ́ 12. Ṣé irọ́ ni èyí náà?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ lókè òkun
Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí á ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ló ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Gbogbo àwọn 12 tó parí ìtọ́jú náà ni wọn kò rí jẹjẹrẹ lára wọn mọ́. Nígbà tó di ọdún 2025, wọ́n ti tọ́jú ènìyàn 49 irú wọn, èsì kan náà ni. Inú wa dùn gidigidi nígbà tí a kà á.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun ni tiwọn, kì í ṣe ti ọyàn. Nínú jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun pàápàá, irú kan ṣoṣo tí ohun tó ń tún àṣìṣe DNA ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti bàjẹ́ ni, irú yìí kò sì ju nǹkan bí 5 sí 10 nínú 100 lọ. Iye owó ìwọ̀n kan nígbà náà jẹ́ bíi dọ́là 11,000, ìwọ̀n mẹ́sàn-án sì ni wọ́n ń gbà láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ìròyìn tí wọ́n kà kì í ṣe irọ́, ẹlòmíràn ni ó wà fún.

Nípa ti ìwé ìkéde, ọ̀rọ̀ Akọ̀ròyìn Lọ́kọ́ja wọ̀ mí létí. A máa ń buwọ́ lù wọ́n láìkà wọ́n dójú àmì.

Ìyá Ìyámoyè
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá. Jẹjẹrẹ ọyàn ni èmi náà ní, wọ́n ṣe abẹ fún mi, mo gba kímò, mo sì ń lo tamoxifen báyìí. Ọmọ Ìyàrà, kò sí ẹni tó fi tamoxifen ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp rí, nítorí kò ní ariwo. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ṣe é, oyún ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi dènà. Fún obìnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ń jẹ èròjà obìnrin inú ara, bí ó bá lò ó fún ọdún márùn-ún, ó ń dín ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Oògùn tí owó rẹ̀ kéré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí à ń pariwo rẹ̀. Dọ́kítà mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì tù mí nínú ju gbogbo ìròyìn lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má bá wọn jiyàn níwájú gbogbo ẹbí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń wá ìròyìn kiri. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ lé àbúrò wọn lọ rí dọ́kítà, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn béèrè ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú dọ́kítà tó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ kì í ṣòro bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rù abẹ tó ń ba ìyá náà, bí wọ́n bá fẹ́ bá ẹni tó ti là á kọjá sọ̀rọ̀, mo wà níbí.

Bàbá Olóko Ìsánlú
Mo ti gbọ́ ti ewé. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí náà. Ní ọdún 2024 wọ́n wá sí ilé ẹ̀kọ́ láti fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé àbùjá ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni. N kò jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ ọmọ mi. Ṣé ti Rọ́ṣíà ni àbí òmíràn?

Nọ́ọ̀sì Kàbà
Òmíràn ni, Bàbá, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Abẹ́rẹ́ HPV nìyẹn. Kòkòrò àrùn tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló ń dènà, kì í fọwọ́ kan ọmọ bíbí. Harald zur Hausen ará Jámánì, tó fi hàn pé kòkòrò yìí ló wà nídìí àrùn náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Wọ́n ti ń lo abẹ́rẹ́ náà láti ọdún 2006. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn tí wọ́n fi lọ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ yìí fi ìdá 87 nínú 100 dín kù. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó sì kan ìpínlẹ̀ Kogí ní ìpele kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ ọmọ yín kò bá tíì kọjá ọdún 14, ẹ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú tó súnmọ́ yín. Ó dùn mí pé ti Rọ́ṣíà tí kò sí fún wa níbí ni à ń fi ránṣẹ́ kiri, tí èyí tó wà nílẹ̀ sì ń bá àhesọ jà.

Ọmọ Ìyàrà, ohun kan ṣì wà. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìyámoyè sọ nípa tamoxifen kò kan gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ ń gba trastuzumab, oògùn tó jáde ní ọdún 1998. Àwọn mìíràn wà tí jẹjẹrẹ wọn kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, irú yìí sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Kímò ni wọ́n sábà máa ń lò fún wọn. Àyẹ̀wò lórí ẹran ara tí wọ́n bá gé ló ń sọ èyí tí ó jẹ́, ER àti PR (bóyá ó ń jẹ èròjà obìnrin, tí tamoxifen fi lè ṣiṣẹ́) àti HER2 (bóyá trastuzumab lè ṣiṣẹ́) ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ wo ìwé èsì ìyá yín bóyá ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe abẹ, kí ẹ sì rí i dájú pé bí wọ́n bá ti gé ẹran ara náà, inú fọ́málínì ni wọ́n fi í sí kíákíá, láàárín wákàtí kan bí ó bá ṣeé ṣe. Èyí tó bá ti jókòó pẹ́ nínú omi lásán lè fún yín ní èsì tí kò tọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin fúnra yín gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò ní ìlú mìíràn, kí ìdérí ìgò náà le dáadáa, kí orúkọ wọn, ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n gé e wà lára ìgò náà, kí ìwé dọ́kítà sì bá a lọ.